Bàbá Ìyàwó Mú Ọmọ Ọlọ́mọ Jáde

Ilé bàbá ni wọ́n ti ń fa ọmọbìnrin lé ọkọ lọ́wọ́ lọ́dọ̀ wa. Ìyá lè dá nìkan tọ́ ọmọ, kó rán an nílé ìwé títí tó fi gba ìwé bákì tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì. Lọ́jọ́ tí àna bá gbé ẹrù ìdána dé, ẹnu ọ̀nà bàbá ni wọ́n máa sọ̀ ọ́ sí.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọmọ mi nígbà tí bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé obìnrin kan tó ń ta epo pupa lọ sí Tatonnonkon. Ibẹ̀ kò jìnnà. Síbẹ̀, kò wá wò ó rí. Ibà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọmọ náà lọ, kò wá. Oko-Akarè ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ nígbà náà, mo sì ń gbé tèmi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀ láràárọ̀.

Nígbà tí ìwé ìtọrọ ọmọ láti ọ̀dọ̀ àwọn àna dé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin gun alùpùpù sẹ́mì tó ń gbé èrò wá bá mi nílé ní Adja-Ouèrè. Kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Ìyàwó wa, a gbọ́ pé ọmọ wa ń lọ sílé ọkọ."

"Ọmọ ta?"

"Ọmọ wa. Àbí ìwọ nìkan lo fún ara ẹ lóyún?"

"Oyún náà nìkan lẹ bá mi dá sí, Màmá. Ẹ ṣeun o."

Ó rẹ́rìn-ín. Ojú kì í tì wọ́n nínú ìdílé yẹn. "Ó dáa, gba ìdána sílé ara ẹ. Ká wo àna tó máa gbé ẹrù wá bá obìnrin."

Ọmọ mi fúnra rẹ̀ ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni." Mo gbà. Ṣùgbọ́n mo pinnu pé gbogbo ẹni tó bá wá síbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó tọ́ ọmọ náà kí wọ́n tó lọ.

Nígbà tí ọjọ́ pé, èmi ni mo gbálẹ̀ ilé bàbá ọmọ mi, torí obìnrin elépo ti sá kúrò lọ́dọ̀ òun náà. Wọ́n fi aṣọ bo ibi tí ògiri ti wó. Ó jáde sí wa nínú agbádá tí ẹni tó ga jù ú lọ yá a, ó ń ká a sókè bí ẹni tó ń la odò kọjá. Wọ́n gbé e sórí àga iwájú. Èmi wà lẹ́yìn, láàárín àwọn tó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Àṣà wa ni pé wọ́n á fi aṣọ bo ọmọbìnrin mẹ́ta láti orí dé orúnkún nínú yàrá, ọwọ́ wọn nìkan ló máa yọ síta. Wọ́n á kọ́kọ́ mú àwọn tí kì í ṣe ìyàwó jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹbí ọkọ á máa kígbe pé "Kì í ṣe eléyìí!", wọ́n á dá wọn padà. Àwọn ọmọ náà kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni bàbá á wọlé, á di ọwọ́ ìyàwó gan-an mú, á fà á jáde, á ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Kò sí ẹni tó rántí sọ fún un pé èwo ni. Ta ló ń fi ọmọ han bàbá rẹ̀? Ọmọ mi ló ga jù nínú wọn, àpá iná sì wà lẹ́yìn ọwọ́ òsì rẹ̀ láti kékeré.

Ó pẹ́ nínú yàrá. Nígbà tó jáde, mo wo ọwọ́ tó dì mú. Ọwọ́ ọmọ aládùúgbò mi ni, èyí tó ń dirun.

Ó ṣí aṣọ. "Ọmọ mi rèé! Ọmọ tí mo fi ara mi bí!"

Ẹ̀rín bú jáde nínú gbogbo ilé. "Kì í ṣe eléyìí!" Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan láàárín àwọn àna pariwo pé, "Háà, bàbá ìyàwó yìí mà láwàdà o!" Ẹ̀gbọ́n bàbá náà ló rẹ́rìn-ín jù, torí òun ti rí i pé àbúrò òun ṣi ọmọ mú. Bàbá náà wo ojú ọmọ ọlọ́mọ, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Mo dìde. "Ẹ dákẹ́ ná!" Àwọn tó wà nítòsí yíjú sí mi.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Ọmọ mi dá jáde, aṣọ ìbojú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí, ó rọra mi orí. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó fi ọwọ́ alápàá yẹn sínú tirẹ̀. "Bàbá, ẹ ti pa wọ́n lẹ́rìn-ín tó. Èmi rèé."

Ẹ ó rò pé wọ́n ti jọ fi kọ́ra tẹ́lẹ̀. Bàbá súre fún un, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, àwọn èèyàn sì ní ayọ̀ ni.

Mo jókòó. Ẹni tó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Ìyá ìyàwó, kí lẹ fẹ́ sọ?"

"Omi ni mo fẹ́ bèèrè."

Nígbà tí mo ń bá ọmọ mi wé gèlè láti tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀, mo bi í léèrè ìdí tó fi bo àṣírí ọkùnrin náà.

"Ó dúró níwájú mi, Màmá. Ó wo ọwọ́ mi, ó wá kọjá sí ẹlòmíì. Tí ẹ bá sọ ọ́, ta lojú máa tì? Ṣé òun ni, àbí èmi tí bàbá mi ò mọ̀?"

Nítorí tirẹ̀ ni mo fi pa ẹnu mọ́ láti ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àìpẹ́ yìí mo gbọ́ pé wọ́n ti ń bẹ bàbá aláwàdà náà káàkiri Tatonnonkon pé kó wá bá wọn mú ọmọ ọlọ́mọ jáde níbi ìgbéyàwó. Ó ti lọ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n sì fún un ní ọtí sódábì mu. Ìdí tí mo fi kọ èyí sílẹ̀ nìyẹn. Ọkùnrin náà kò ṣàwàdà kankan. Kò mọ ọmọ rẹ̀ ni.