Ìlẹ̀kẹ̀ Pupa Ọrùn Jasmati

Ọdún mọ́kànlá ni Jasmati, àbúrò mi obìnrin, fi gbé gẹ̀gẹ̀ kọ́rùn. Lábúlé wa lókè Jumla, ìyẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wò lẹ́ẹ̀mejì. Ilé tí ẹ ò bá ti bá onígẹ̀gẹ̀, àfi kó jẹ́ pé ó lọ sóko. Ìjọba ní ká máa ra iyọ̀ inú ọ̀rá, èyí tí wọ́n ti fi oògùn gẹ̀gẹ̀ sí. Àwọn ọlọ́gbọ́n wa ní iyọ̀ yẹn ń sọ obìnrin di àgàn. Iyọ̀ òkúta tí wọ́n ń fi àgùntàn rù wá láti àríwá ni wọ́n ń jẹ, ọrùn wọn ń wú, wọ́n sì ń pe ara wọn lọ́gbọ́n.

Olórí àwọn ọlọ́gbọ́n náà ni Rajkali, ìyá ọkọ àbúrò mi. Opó ni, ogún ọdún sẹ́yìn ni ọkọ rẹ̀ já bọ́ lórí àpáta níbi tó ti ń gé koríko màlúù. N kò ní pè é ní "wọ́n" nínú ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ yìí. Mo ti fi ọdún mọ́kànlá pè é ní "wọ́n", ó tó gẹ́ẹ́.

Jasmati ló ń ro oko jéró, òun ló ń pọn ìgbẹ́ màlúù lọ sóko, òun ló ń ta èso ápù létí títì. Hasta, ọkọ rẹ̀, ti lọ sí Qatar láti ọdún mẹ́fà. Nígbà tó fi máa di ọdún tó kọjá, àbúrò mi ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Ó ń fara ti ògiri sùn bí ẹni ń ṣọ́ ilé. Tó bá ń gun òkè, ọ̀fun rẹ̀ á máa súfèé. Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Dókítà tẹ ọrùn rẹ̀, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó ní gẹ̀gẹ̀ ti ń fún ọ̀nà èémí pa, ká gé e kúrò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ó fún un ní oògùn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí yóò mú àyà rẹ̀ balẹ̀ kí wọ́n tó lè fi abẹ kàn án.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Rajkali ní òun máa tẹ̀ lé wa. Ẹ má rò pé nítorí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni. Pote ló wá ṣọ́, ìlẹ̀kẹ̀ pupa wẹ́wẹ́ tí Hasta fi sí Jasmati lọ́rùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Tí ọkọ bá wà láyé, kì í kúrò lọ́rùn. Opó nìkan ló ń bọ́ ọ.

Nọ́ọ̀sì wọlé láàárọ̀. "Àǹtí, ṣé ẹ ò tíì jẹun? Ẹ káre. Ẹ bọ́ yẹtí, ẹ bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn."

Rajkali fò dìde. "Bọ́ kí ni? Ọkọ rẹ̀ kú ni?"

"Ìyá, ọrùn gan-an la fẹ́ gé."

"Ẹ gé e lábẹ́ ìlẹ̀kẹ̀!"

Mo ní, "Ìyá, ṣé adìyẹ lẹ rò pé wọ́n fẹ́ dú ni?"

 Rajkali fa Jasmati lọ sí ilé ìwẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, ọrùn ṣófo, ojú Rajkali sì ń dán. Inú irun ló di pote náà sí! Lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì ń de fìlà mọ́ Jasmati lórí, okùn já, ìlẹ̀kẹ̀ sì tú yàà sílẹ̀. Dókítà fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀ ṣubú. Ó bínú, ó ní ká máa lọ, ká padà wá lọ́jọ́ mọ́kànlá òní.

"Àmì ni," Rajkali wí. Ó ti ń di ẹrù. "Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Ìlẹ̀kẹ̀ tú, ó ní àmì ni. Ọ̀fun ọmọ ọlọ́mọ ń dí, ìyẹn kì í ṣe àmì. Àwọn àgbà ní onígẹ̀gẹ̀ ló ń fi ìlẹ̀kẹ̀ dọ́pọ̀. Tiwa yìí, ìlẹ̀kẹ̀ ló fẹ́ fi ẹ̀mí onígẹ̀gẹ̀ dọ́pọ̀.

A ò lọ sílé. Jasmati sin ìlẹ̀kẹ̀ náà padà sórí okùn, ó sì fi í sọ́rùn. Lọ́jọ́ karùn-ún, níbi tó ti ń jẹun, èémí há a, ó sì ranjú. Nígbà tó mí padà, ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò fẹ́ kú. Ọrùn òfìfo ni màá gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ." Nígbà tí wọ́n tún pè é, òun fúnra rẹ̀ ló bọ́ ọ, ó sì fi lé mi lọ́wọ́.

Rajkali bú sẹ́kún ní ọ̀ọ̀dẹ̀. "O ti pa ọmọ mi o!" Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi ṣiṣẹ́, wákàtí mẹ́ta ló fi ṣọ̀fọ̀ ẹni tó ń jẹ adìyẹ ní Qatar.

Gẹ̀gẹ̀ kúrò. Jasmati jí pẹ̀lú báńdéèjì àti rọ́bà tó ń fa ẹ̀jẹ̀, kò sí ohùn. Lọ́jọ́ kejì, ètè àti ìka rẹ̀ ń ta á bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ ń gún un. "Ìjìyà ti dé," Rajkali wí. Nọ́ọ̀sì ní ohun tó ń mú egungun le ló dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó fún un lóògùn, ìta náà sì lọ kí ọjọ́ tó rọ̀. Ẹ wo ìjìyà tí kò lè kojú oògùn!

Lọ́jọ́ kẹrin, Hasta pè, ojú rẹ̀ kún fóònù bámú. Kò bèèrè ọrùn.

"Ìyá ní o bọ́ pote. Ṣé òótọ́ ni?"

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ sọ fóònù náà mọ́ ògiri. Jasmati ò wò ó. Ó kọjú sí ìyá ọkọ rẹ̀, ohùn tó jáde ò ju ti ẹni tí òtútù mú.

"Ìyá, kí Bàbá tó já bọ́ lórí àpáta, ṣé ẹ ti bọ́ tiyín ni?"

"Èmi?" Rajkali na ọrùn. "Èmi kẹ̀? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wọlé, kò kúrò lọ́rùn mi rí. Ọjọ́ kan ṣoṣo, mi ò…"

 Ọwọ́ rẹ̀ gòkè lọ sí ọrùn, ó ń wá ohun tí kò sí níbẹ̀ láti ogún ọdún.

"Hẹ̀lóò?" Hasta ń pè nínú fóònù. "Ìyá? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Rajkali, ìyá wa, gba fóònù, wọ́n sì pa á. Wọ́n bu ìrẹsì rírọ̀ sínú abọ́, wọ́n fẹ́ ẹ títí tó fi tutù, wọ́n wá ń fi ṣíbí bọ́ Jasmati díẹ̀díẹ̀.