Bátìrì Tí Kò Gbọdọ̀ Dá Sùn

Bí mo bá ti gbọ́ tí sípánà kan irin, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ni mo máa ń rántí. Nírọ̀lẹ́, tó bá ti já èrò ọjà Ganhi tán, á tú bátìrì ọkọ̀ rẹ̀, á gbá a mọ́ àyà bí ọmọ, á sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀.

"Bàbá, ìyàwó tuntun yìí mà wúwo o," ni ìyá onílé máa ń wí.

"Kì í hanrun ní tiẹ̀." Á wá yíjú sí mi: "Ohun tó ń bá ọ ṣiṣẹ́, má jẹ́ kó dá sùn níta."

Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ mí nígbà àìsàn rẹ̀ nìyẹn. Mo ní mo gbọ́. Ó kú, ọkọ̀ di tèmi, mo sì ń fi bátìrì sílẹ̀ níta. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, á ti kú. Mo ra tuntun, òun náà kú. Ẹni tó ń ṣe iná ọkọ̀ ní Godomey tú gbogbo wáyà, kò rí nǹkan kan. Àwọn èrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹlòmíràn lọ.

Ìyá onílé ló wá bi mí pé, "Ta lo ń jẹ́ kó jókòó sínú ọkọ̀ rẹ ní ìdájí? Mo kí i, kò yíjú. Rédíò ló ń gbọ́."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé bátìrì wọlé, ọkọ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni mò ń bá àga awakọ̀ tó ti sún sẹ́yìn, nítorí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi gùn ju tèmi lọ. "Ẹ jíire, Bàbá, ẹ má bínú," ni mo máa ń wí kí n tó fà á síwájú.