Màmá Mi Lẹ́nu Ilé Adìyẹ

Mi ò mutí rí láyé mi, orí mi ò sì yí. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí mo mọ ohun tí ẹnì kan nínú yín máa sọ tó bá ka ọ̀rọ̀ mi dé ìdajì. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi. Ì bá wù mí kó jẹ́ irọ́.

Ìtòsí Ifọ̀ la ń gbé, èmi àti ọkọ mi. Ọmọ ibẹ̀ ni òun, èmi wá láti Ìwó. Adìyẹ là ń sìn. Ẹni tó bá ti sin adìyẹ rí mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ niṣẹ́ wà: òtútù ò gbọdọ̀ mú àwọn ọmọ adìyẹ ọlọ́jọ́ kan, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọ́n á kú tán. Gílóòbù ló yẹ ká tàn sí wọn, ṣùgbọ́n ta ló ń gbójú lé iná ìjọba? Èédú là ń lò, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń lò ó. A ó kó o sínú ìkòkò, a ó finá sí i, a ó gbé e sáàárín wọn. A ó wá fi tapólì, rọ́bà tó nípọn tí wọ́n fi ń bo ẹrù ọkọ̀, yí ilé adìyẹ náà ká kí atẹ́gùn má bàa wọlé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, òjò ń rọ̀. Kì í ṣe òjò alágbára, èyí tó máa ń rọ̀ wẹliwẹli láti àárọ̀ ni. Àwọn ọmọ adìyẹ ń ké, gbogbo wọn sì ti ṣù jọ sí igun kan níbi tí tapólì ti ya díẹ̀. A rò pé òtútù ló ń mú wọn. Ọkọ mi tún gbé ìkòkò èédú mìíràn wọlé.

"Ìyá Ràṣídá, jókòó tì mí," ó ní. "Àwọn ọba kéékèèké yìí ò fẹ́ kí n dá wà."

Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo máa ń sọ fún un pé ká ní adìyẹ lè dáná ni, kò ní fẹ́ mi. Mo jókòó. Nígbà tó ṣe, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Ó ní orí ń fọ́ òun náà. A ní òjò ni.

Ẹ gbà mí gbọ́, kò sẹ́lòmíì níbẹ̀ àfi àwa méjì. Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, màmá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Màmá mi ti kú kí n tó bí Ràṣídá. Mo wà lára àwọn tó wẹ òkú wọn. Bí wọ́n ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, wọ́n ró ìró àdìrẹ tí wọ́n fi ń lọ sóko, ẹsẹ̀ wọn sì rin fún òjò. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe máa ń wò mí nígbà tí mo bá pẹ́ lódò ni wọ́n ń wò mí.

"Dìde," wọ́n sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Jáde síta."

Orí mi wú. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ ọ́n: òkú kì í pe èèyàn kéèyàn jẹ́. Màmá mi gan-an ló kọ́ mi. Ní kékeré, tí mo bá gbọ́ orúkọ mi tí mi ò rí ẹni tó pè mí, wọ́n á ní kí n panu mọ́, torí ẹni tó bá dá òkú lóhùn á bá òkú lọ. Àwọn náà ló wá dúró síwájú mi yìí tí wọ́n ń pè mí.

Kí n má purọ́, ọkàn mi ń fà sí wọn. Mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ mi ò gbà.

"Bàbá Ràṣídá," mo rọra sọ, "màmá mi rèé. Wọ́n ní kí n máa bọ̀."

Ọkọ mi yíjú sẹ́nu ọ̀nà. Kò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kò bi mí pé màmá wo. Ó gbà mí gbọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ohun tó sì ń dùn mí títí dòní nìyẹn.

"Má dáhùn o," ó ní. "Wọn ò ní mú ẹ lọ. Lágbára Ọlọ́run, wọn ò ní mú ẹ lọ."

Ó dìde, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ó fa tapólì ẹnu ọ̀nà wálẹ̀, ó fi okùn so ó pinpin. Ó wá jókòó síbẹ̀, ó fẹ̀yìn tì í kí n má bàa rọ́nà jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Áyátù Kúrúsíyù, ẹsẹ Àlùkùránì tá a fi ń wá ààbò. Ó kà á débì kan, ó tún padà síbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ó ti gbàgbé ohun tó mọ̀ láti kékeré.

Ṣé rọ́bà lè dí òkú lọ́nà? Màmá mi ti wà nínú ilé, wọ́n dúró tì í. Wọ́n ń sunkún. Mi ò rí ẹkún màmá mi rí nígbà ayé wọn.

"Sọ fún un kó ṣí i," wọ́n ní. "Sọ fún un."

Mo fẹ́ sọ ọ́, ahọ́n mi ti wúwo. Mo ṣubú sáàárín àwọn ọmọ adìyẹ níbi tí rọ́bà ti ya yẹn. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn ọkọ mi fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ ọ mọ́.

Àlájì káfíńtà, aládùúgbò wa, ló wá yá ṣọ́bìrì. Ó pè títí, kò gbọ́ ìdáhùn, ló bá fi ọ̀bẹ ya tapólì. Ó bá mi ní igun, imú mi wà lójú ibi tó ya. Ó bá ọkọ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣì fẹ̀yìn ti okùn tó so. Wọ́n gbé àwa méjèèjì lọ sọ́sibítù, ṣùgbọ́n ọkọ mi ò jí mọ́.

Dókítà tó tọ́jú mi, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan, ló ṣàlàyé fún mi. Ó ní afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára èédú la fà símú. Ojú ò rí i, imú ò gbóòórùn ẹ̀, ńṣe ló máa ń gba ipò afẹ́fẹ́ gidi nínú ẹ̀jẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ ò bá tó ọpọlọ mọ́, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tí kò sí han èèyàn.

"Kì í ṣe wèrè, mà," ó ní. "Ibà líle lè fà á. Àìsùn lè fà á. Opó lè máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ nínú ilé. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù."

Mo gbọ́, mo sì gbà. Ṣùgbọ́n mo bi í ní nǹkan kan. Tó bá jẹ́ ọpọlọ mi ló ro gbogbo ẹ̀, ta ló sọ fún un pé ìta ló yẹ ká sá lọ? Èmi ò mọ̀ pé èédú ń pa wá. Ọkọ mi ò mọ̀.

Ó ní bóyá ara mi ti mọ ohun tí èmi ò tíì mọ̀, tó wá ń wá ohùn ẹni tí mo máa gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ó ní òun ò mọ̀ dájú. Èmi náà ò mọ̀ títí di báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbé èédú wọlé, torí adìyẹ ni o, torí òtútù ni o, mo bẹ̀ yín. Tí orí bá ń fọ́ yín, tí ẹ wá rí ẹni tí kò yẹ kẹ́ ẹ rí, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ jáde ná. Tẹ́ ẹ bá délẹ̀ gbalasa tán, kẹ́ ẹ wá máa wádìí bóyá òkú ni tàbí ààyè.

Àwọn mọ̀lẹ́bí ọkọ mi ní màmá mi ló wá mú mi, tí ọkọ mi fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí wọn lọ́nà. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún Ràṣídá náà nìyẹn. Mi ò tíì rí ẹnu sọ fún ọmọ náà pé ohun kan ṣoṣo ni ìyá mi àti bàbá rẹ̀ jọ ń wá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn: kí n má kú.