Àwọn Tó Lè Jókòó Ti Ẹ̀rọ Láìfọwọ́ Kàn Án

Ẹni mẹ́ta péré ni wọ́n ní kí n wá. Ẹni mẹ́ta tí yóò máa darí ẹ̀rọ kan ṣoṣo nílé iṣẹ́ pákó wa ní Ọ̀rẹ̀. Mi ò tíì pé ọdún mẹ́ta tí mo kúrò ní yunifásítì nígbà náà. Mo ní táì mẹ́rin àti bàtà aláwọ kan tó máa ń dún kòkòkò lórí sìmẹ́ǹtì, mo sì rò pé kò sí wàhálà kankan nínú kéèyàn wá òṣìṣẹ́ mẹ́ta nínú ìlú tó kún fún òṣìṣẹ́. Bí mo bá rántí ìgbéraga yẹn báyìí, mo máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni àárò ọmọkùnrin oní-táì yẹn á wá máa sọ mí.

Ìgbà owó epo ni. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró, ọ̀nà ńlá tó lọ láti Èkó sí Bìní ń gbé èèyàn kọjá tọ̀sán-tòru, gbogbo ẹni tó bá sì ti rí nǹkan díẹ̀ kó jọ ló fẹ́ kọ́lé. Ilé ń fẹ́ ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ń fẹ́ pákó. Bí ọ̀gá àgbà wa tó ń gbé l'Ékòó ṣe ra ẹ̀rọ tuntun láti ilẹ̀ Jámánì nìyẹn, tó sì gbé e wá síbi tí igi gẹdú wà. Ẹ̀rọ náà á gbá gẹdú mú lórí àti nídìí, á máa yí i, ọ̀bẹ gígùn kan á sì máa bó o bí ẹni ń bó ọsàn, títí odindi igi á fi di pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń ṣàn jáde bí aṣọ tí wọ́n tú ká. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gé e, òun náà ló ń tò ó jọ. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí ni a ń lẹ̀ mọ́ra tó ń di plaiwúùdù.

Ohun tó kù fún èèyàn láti ṣe kò ju kó jókòó sídìí tábìlì kan tó ní bọ́tìnnì, kó máa wo gílóòbù tó wà lókè rẹ̀. Bí gílóòbù pupa bá tàn, kó tẹ bọ́tìnnì. Bí kò bá tàn, kó jókòó jẹ́ẹ́. Kí ẹ̀rọ má bàa gé èèyàn lápá, àwọn tó ṣe é fi ojú iná méjì sí ẹnu rẹ̀. Bí ọwọ́ bá ti kọjá láàárín ojú méjèèjì, ẹ̀rọ á dákẹ́ lójijì, agogo á dún, gẹdú tó wà lẹ́nu rẹ̀ á sì bàjẹ́. Ó ń tó ìdajì wákàtí kí wọ́n tó rí i tàn padà.

Òyìnbó Jámánì kan ló bá ẹ̀rọ náà wá, láti tò ó àti láti kọ́ àwọn tí mo bá gbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kó padà sílé. Ọ̀gá àgbà sì ti kọ lẹ́tà sí mi, mo ti kà á débi pé etí ìwé náà ti ká. Ó ní nígbà tó bá ku ọ̀la kí òyìnbó lọ, òun yóò wá sí Ọ̀rẹ̀ fúnra òun. Bí àwọn mẹ́ta tí mo gbà bá lè darí ẹ̀rọ náà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìjẹ́ kó dúró, iṣẹ́ mi ti fìdí múlẹ̀. Bí wọn ò bá lè ṣe é, kí n kó ẹrù mi. Níbo ni mo fẹ́ kó o lọ? Iṣẹ́ tísà ni mo fi sílẹ̀ ní Òdìgbò, mo sì ti sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, lójú gbogbo tísà, pé ṣọ́ọ̀kì kò ní ba aṣọ mi jẹ́ mọ́ láyé. Ṣé èmi náà ni màá tún lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀ pé kó bá mi wá ṣọ́ọ̀kì?

Mo lẹ ìwé mọ́ ògiri gáréèjì: a ń wá àwọn tó mọ ẹ̀rọ dáadáa. Ní ọjọ́ kejì, ẹnu ọ̀nà wa ti kún. Mo yan àwọn tó dára jù lọ, àwọn tó ti fi sọ́míìlì ṣe ilé. Ọ̀gá wọn jẹ́ bàbá kan tó ti la gẹdú fún ogún ọdún. Bó ṣe wọlé ló gbé ọwọ́ òsì sókè. Ìka mẹ́rin ló wà níbẹ̀.

"Ọ̀gá kékeré, sátífíkéètì tèmi nìyí."

"Mo rí i, bàbá. Ìka karùn-ún dà?"

"Ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́."

Mo gbà á lójú ẹsẹ̀. Òyìnbó fi gbogbo nǹkan hàn án, ó tan ẹ̀rọ, ó ní kó jókòó. Bàbá jókòó. Gẹdú ń yí, pákó ń ṣàn jáde, kò sí gílóòbù tó tàn. Bàbá wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó gbá itan rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi dìde, tó na àtẹ́lẹwọ́, tó sì ti igi náà síwájú díẹ̀. Agogo dún. Ẹ̀rọ dákẹ́.

"Má fọwọ́ kàn án!" ni òyìnbó pariwo. Àbí ohun tó túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni, nítorí èdè Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ náà kò pọ̀.

"Kí ló dé tí ẹ fọwọ́ kàn án, bàbá?" ni mo bi í.

"Mo rí i pé igi yẹn ń wúwo fún un ni. Ṣé kí n máa wò ó níran?"

Gbogbo wọn ló ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Ẹnìkan bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó fi nu ẹnu ẹ̀rọ. Ẹnìkan gbá a lẹ́yìn, ó ní, "O kú iṣẹ́ o." Ẹlòmíràn fẹ́ yọ èèpo kan tó há, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ náà ti ń yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe pé wọn ò gbọ́n. Ní sọ́míìlì tí wọ́n ti wá, bí ọ̀gá bá yọjú tó bá ẹ níjòókòó, ọjọ́ náà lo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wọn pé ẹni tó ń wo iṣẹ́ níran, ọ̀lẹ ni. Wọn ò lè jẹ́ kí nǹkan máa ṣiṣẹ́ lójú wọn kí wọ́n káwọ́ gbera, ojú ń tì wọ́n. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kìíní máa fi parí, òyìnbó kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni Má-fọwọ́-kàn-án.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo lọ kí tísà kan tí a jọ ṣiṣẹ́ rí, tó ń gbé ní Àgọ́ Aláyè. Ní òdìkejì ilé rẹ̀, àwọn obìnrin sá kòkó sórí ẹní. Ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀. Gbogbo àdúgbò sáré, wọ́n ń ká ẹní, wọ́n ń pariwo. Ìyá kan ṣoṣo ló jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó fọwọ́ lérán.

"Màmá, òjò ń bọ̀ o!" ni mo ké sí i. "Ṣé kí n bá yín kó o?"

Ó yí ojú wò mí láti bàtà dé táì. Èdè Ìkálẹ̀ ló fi ń dá àwọn aládùúgbò tó ń pariwo mọ́ ọn lóhùn, ṣùgbọ́n ó bá mi sọ èyí tí mo lè gbọ́.

"Ọmọ mi, fi ọwọ́ rẹ sápò. Kò tíì tó àsìkò."

Atẹ́gùn fẹ́, ìkùukùu kọjá lọ, òjò ò rọ̀. Àwọn yòókù tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹní pẹ̀lú èébú lẹ́nu. Kò pẹ́, oòrùn ń ràn bọ̀ọ̀, kò sí ẹni tó gbójú sókè, màmá bá dìde wàrà, ó ká ẹní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé. Kó tó ti ilẹ̀kùn tán, òjò ti ya lulẹ̀. Bí àwọn aládùúgbò ṣe ń sá káàkiri, tí wọ́n ń ṣa kòkó nínú ẹrẹ̀, èmi ń jó lábẹ́ òrùlé tísà. Ó rò pé orí mi ti dàrú.

Mo padà sí Ọ̀rẹ̀, mo sì hùmọ̀ ìdánwò kan tí mi ò jẹ́ sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n kankan tó kọ́ mi. Mo gbé sítóòfù sínú yàrá kan, mo gbé ìkòkò omi kà á, mo dé e lómọrí. Mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ wọlé kó jókòó tì í. Bí omi bá gbé ọmọrí sókè, kó rẹ iná sílẹ̀. Bí kò bá gbé e, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Èmi wà lẹ́yìn fèrèsé, mò ń yọjú.

Bàbá oníka-mẹ́rin tún wá. Ó ṣí ìkòkò. Ó dé e. Ó ṣí i. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ iná. Ó gbé sítóòfù kúrò lójú atẹ́gùn, bẹ́ẹ̀ kò sí atẹ́gùn.

"Bàbá, kí lẹ ń wá nínú omi?" ni mo bi í láti ojú fèrèsé.

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti ń hó ni."

"Bó bá hó, ṣé kò ní sọ fún yín?"

Ó bínú. "Ogún ọdún nídìí ayùn, ẹ wá sọ mí di ìyàwó ilé! Ìyàwó mi pàápàá máa ń ṣí ìkòkò!"

Ọ̀rọ̀ náà dé gáréèjì kíá. Bí mo bá ń kọjá, àwọn onímọ́tò á máa kígbe sí mi pé, "Ọ̀gá yunifásítì! Ẹ̀bà ńkọ́? Ta ló yege nínú ọbẹ̀ lónìí?" Mo fara dà á. Ọjọ́ ń lọ.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ọ̀gá àgbà dé, mo ti rí ẹni mẹ́ta. Ìkíní ni màmá Àgọ́ Aláyè, tí mo fi odindi ìrọ̀lẹ́ kan bẹ̀ kó tó gbà. Èkejì ni ọkùnrin kan láti Omífunfun tó ń fi ìwọ̀ pẹja, tó lè jókòó sétí odò láti àárọ̀ dalẹ́ kó má mira ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Ẹ̀kẹta ni tísà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣọ́ àwọn ọmọ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Bàbá oníka-mẹ́rin, mo fún un ní iṣẹ́ yíyan gẹdú àti gbígbé e sẹ́nu ẹ̀rọ, níbi tí wọ́n ti nílò ọwọ́. Inú rẹ̀ dùn, àmọ́ ó ṣì ń pe àwọn mẹ́ta yẹn ní "ẹgbẹ́ ajókòó-jẹun."

Ọjọ́ pé. Ọ̀gá àgbà dé láàárọ̀ nínú mọ́tò dúdú gbọọrọ. Apẹja jókòó títí di ọ̀sán, ẹ̀rọ kò dúró. Tísà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ kò dúró. Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, ó kan màmá. Ó jókòó, ó káwọ́ gbera, ojú rẹ̀ wà lókè.

Ọ̀gá àgbà rìn yí i ká. Mo rí i pé ara rẹ̀ kò balẹ̀. Sọ́míìlì ni òun náà ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dolówó.

"Kí ni màmá yìí ń ṣe?" ni ó bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ó ń darí ẹ̀rọ, sà."

"Ìyá tó jókòó yìí?"

Pákó kan ń jáde bọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ, ó wọ́ díẹ̀ báyìí. Mo rí ọwọ́ ọ̀gá àgbà tó gbéra. Màmá ló ké:

"Bàbá! Ọwọ́!"

Ó ti pẹ́ jù. Agogo dún. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Òdìgbò ni mo rí lójú mi, pẹ̀lú páálí ṣọ́ọ̀kì tuntun lọ́wọ́. Òyìnbó la ẹnu, ó tún pa á dé, nítorí kò sí bó ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ẹni tó ra ẹ̀rọ.

"Ta ló gba ìyá yìí síṣẹ́?" ni ọ̀gá àgbà bèèrè.

"Èmi ni, sà."

Màmá kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ síwájú. Kò tilẹ̀ dìde. "Bàbá, ẹ má bínú. Láti àárọ̀ ni ẹ̀rọ yìí ti ń ṣiṣẹ́, ẹ bi wọ́n. Ẹ̀yin nìkan lẹ dá a dúró."

Ọ̀gá àgbà wo ọwọ́ ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ló wo bàbá oníka-mẹ́rin tó sá sẹ́yìn gẹdú kó lè bo ẹ̀rín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀.

"Ẹ tan án padà," ó ní. "Màá lọ jókòó sínú mọ́tò. Ọwọ́ mi ò ṣeé fọkàn tán níbí."

Inú mọ́tò náà ló sì wà títí di ìrọ̀lẹ́, tó ń wò wá láti ojú gíláàsì. Ẹ̀rọ kò dúró mọ́. Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ti bu ọwọ́ lu lẹ́tà tó fìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀, ó sì pàṣẹ kan: kí a máa fún màmá ní àkísà dì mú nígbàkígbà tí àlejò bá wá, kí wọ́n má bàa rò pé a ń sanwó fún ìjókòó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo mú lẹ́tà náà lọ fi han màmá. Ó gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú àti lẹ́yìn, ó dá a padà fún mi, ó ní kí n bá òun jókòó sórí àga díẹ̀, òun ń lọ mu omi. Mo ki lẹ́tà bọ àpò, mo jókòó. Gẹdú ń yí. Pákó ń ṣàn bọ̀, ó mọ́, ó tutù lójú. Etí ọ̀kan nínú wọn wá ká díẹ̀, díẹ̀ gan-an, bí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tí wọn ò lọ̀ dáadáa. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ bí mo bá ní mi ò mọ ìgbà tí mo nawọ́.

Agogo dún. Màmá padà dé pẹ̀lú ife lọ́wọ́, ó dúró, ó wo èmi àti ẹ̀rọ.

"Ọ̀gá, lẹ́tà yẹn ti wọ àpò yín tán?"

"Ó ti wọ̀ ọ́, Màmá."

"Ẹ yáa lọ fi í pamọ́ kí wọ́n tó gbọ́ agogo yìí l'Ékòó."