Ọkùnrin Tó Pẹ́ Jù Láyé Nínú Ìwádìí Mi

Iṣẹ́ abẹ ni mò ń ṣe. Ẹ̀dọ̀ ni mo sábà máa ń là, àti ẹran kékeré kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn àpòlúkù. Jẹjẹrẹ ibẹ̀ kì í tètè sọ̀rọ̀. Ẹyinjú á pọ́n, ìtọ̀ á pọ́n, àwọn ará ilé á ní ibà pọ́njú ni, wọ́n á máa po àgbo. Ìgbà tí wọ́n bá fi máa gbé aláìsàn dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀pa kì í sábà bóró mọ́. Ohun tí mò ń ṣèwádìí nípa rẹ̀ nìyẹn: ta ló ń pẹ́ láyé lẹ́yìn tí a bá ti là á, kí ló sì mú un pẹ́?

Ọmọ Oníyanrìn ni mí, obìnrin sì ni mí. Ẹnu mi mú ju ọ̀bẹ mi lọ. Dókítà kékeré tó bá kọ nọ́ńbà tí kò dá a lójú sínú fáìlì, ó máa gbọ́ ohun tí kò gbọ́ rí lẹ́nu ìyá rẹ̀. "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún," ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì ti mọ̀ pé ọjọ́ wọn pé.

Ẹ wá gbọ́ o. Nígbà tí jọ́nà kan, ìwé tí àwọn dókítà fi ń tẹ ìwádìí jáde, gbé ìwádìí mi jáde lókè òkun, ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tí mo fi ń yangàn. Kò sí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, a kì í kọ orúkọ aláìsàn. Fìlà ló ń rán ní Bẹẹrẹ. Nínú gbogbo àwọn tí mo kọ̀wé nípa wọn, òun ló pẹ́ jù láyé. Oṣooṣù ni mo ń pe fóònù ìyàwó rẹ̀ fúnra mi, oṣooṣù náà ló sì ń sọ fún mi pé, "Wọ́n wà dáadáa, dókítà." Kí ni mo tún ń wá?

Ìwádìí kejì ló dé tí mo fi ní mo fẹ́ fojú ara mi rí i, kí n sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo gbé mọ́tò sílẹ̀ ní Mápó, mo fẹsẹ̀ rìn wọ Bẹyẹrúnkà níbi tí ilé wọn wà. Inú mi dùn débi pé mò ń kọrin lọ lójú ọ̀nà.

Ìyàwó rẹ̀ ń fọṣọ lẹ́nu ọ̀nà. Bó ṣe rí mi, ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú omi ọṣẹ. Ó fà mí lọ sẹ́yìn ilé.

"Ẹ forí jì mí, dókítà. Wọ́n ti kú. Ó ti lé lọ́dún."

Kí n má parọ́, kì í ṣe ọkùnrin náà ni mo kọ́kọ́ rò, ìwé mi ni. Inú bí mi gidi. "Ta wá ni mò ń béèrè lọ́wọ́ yín lóṣooṣù? Òkú?"

"Nítorí ìyá wọn ni," ó ní. "Ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n máa ń jókòó sí tí ẹ bá pè. A sọ fún ìyá pé Sáúdí ni ọkọ mi lọ ṣiṣẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ta ló fẹ́ sọ fún wọn? Kí a wá sin òkú méjì?"

Ẹni ọmọ sin ló bímọ, ta ni ò mọ̀? Nílé tiwa gan-an, ìyá bàbá mi lọ láì gbọ́ pé àbíkẹ́yìn wọn ti ṣíwájú. Ó yẹ kí n ti fura. Ìwé ló pọ̀ lágbárí mi jù.

"Ìyàwó, ta lò ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn?" Ìyá ló ń pariwo láti inú ilé. Ìyàwó wò mí, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí.

Mo wọlé, mo kúnlẹ̀. Mo ní èmi ni dókítà tó máa ń pe fóònù.

"Háà, dókítà! Ọmọ mi ńkọ́?"

"Ara wọn le, ìyá."

Ìyá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ìyàwó lọ ra mínírà fún àlejò. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ṣé ó jẹ ìrora púpọ̀ kó tó lọ?"

Yéè! Gbogbo ìwé tí mo kọ, kò sí ibi tí mo kọ ìyẹn sí. Mi ò béèrè rí. "Mi ò mọ̀, ìyá. Mi ò sí níbẹ̀." Ni mo bá bú sẹ́kún níwájú wọn bí ọmọdé.

"O parọ́ kan, o sì sọ òótọ́ kan. Ó tó," ni ìyá wí. "Ọjọ́ tó kú, wọ́n ní kí n lọ sun Ọjà'ba lọ́dọ̀ àbúrò mi. Mo padà dé, gbogbo fìlà rẹ̀ ṣì wà lára ògiri. Ọmọ mi wo ló máa lọ Sáúdí láì mú fìlà dání? Má sọ fún wọn pé mo mọ̀ o. Wọ́n ti ṣe wàhálà púpọ̀ nítorí mi. Ṣùgbọ́n má dá fóònù yẹn dúró. Ọjọ́ tí ìyàwó bá ti ní ó wà dáadáa, oúnjẹ máa ń dùn lẹ́nu mi."

Ní Mọ́ńdè, mo kọ̀wé sí àwọn olóòtú jọ́nà náà pé mo ṣàṣìṣe, pé ẹni tí mo pè ní alààyè ti kú. Ojú tì mí gan-an. Wọ́n ṣàtúnṣe rẹ̀, ìwádìí náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ dán mọ́.

Nígbà tí oṣù yípo, mo pe fóònù. "Ọkọ yín ńkọ́?" ni mo béèrè. Ìyàwó gbé ohùn sókè kí ìyá lè gbọ́: "Wọ́n wà dáadáa, dókítà! Wọ́n tiẹ̀ ti sanra sí i!"

Mo gbọ́ ẹ̀rín ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Alhamdulilahi."