Kànga tí Àmúdà Gbẹ́ De Ikú

Àdúrà ọjọ́ mẹ́jọ Béjidé ló dẹ́rù ba Àmúdà. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìn tì ní Òṣogbo. Ààfáà ní kí ẹni tó mọ olóògbé sọ̀rọ̀ rere kan nípa rẹ̀. Wọ́n ń wojú ara wọn. Nígbà tó pẹ́, ọ̀gá wọn àtijọ́ wúkọ́, ó ní, "Béjidé kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́." Wọ́n ṣe àmín, ìrẹsì sì dé.

Àmúdà ò lè jẹun. Òun gan-an, pípẹ́ ló máa ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ ò yípo tó fi gbẹ́ kànga síwájú ilé rẹ̀ ní Òkè Baálẹ̀. Ààfáà ti sọ fún un pé bí èèyàn bá kú, tí wọ́n bá ṣì ń pọn omi rẹ̀, láádá rẹ̀ ò ní dáwọ́ dúró. Omi yọ, ó mọ́ gaara. Ó kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà: KÀNGA ALÁÀJÌ ÀMÚDÀ. Kò tíì dé Mẹ́kà, ó ní kí orúkọ náà kọ́kọ́ dúró de òun ná.

Ẹ̀rù tún bà á pé wọ́n lè pọnmi kí wọ́n má rántí ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ó fi irin dé kànga, ó fi àgádágodo tì í, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ okùn ṣòkòtò. Ẹni tó bá fẹ́ pọnmi á kan ilẹ̀kùn, á kọ́kọ́ ṣàdúrà fún Aláàjì. Ẹni tó bá kánjú ṣe é, á tún un ṣe. Bí Àmúdà bá sùn lọ́sàn-án, omi náà sùn.

Ọ̀ṣunfúnmi, ìyá olóòṣà ilé kejì, gbé garawa dúró títí ó fi sú u.

"Aláàjì, odò Ọ̀ṣun tí gbogbo wa ń pọn, ẹ rí àgádágodo lẹ́nu ẹ̀ rí?"

"Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ rántí ẹni tó gbẹ́ ẹ?"

"Ẹnì kankan ò gbẹ́ ẹ. A ò sì gbàgbé ẹ̀ rí."

Ó gbé garawa òfìfo rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan, Àmúdà wọ kẹ̀kẹ́ ní Òkè-Fìà, ó ní kí wọ́n já òun sílẹ̀ níbi Kànga Aláàjì Àmúdà. Oníkẹ̀kẹ́ ò mọ ibẹ̀. Obìnrin tó jókòó tì í ló dá sí i.

"Àgádágodo ni bàbá ń wí."

"Háà! Ẹ ò ṣe tètè sọ, bàbá? Ilé ahun tó ń ti omi mọ́lé!"

Títí wọ́n fi dé ibẹ̀, ẹ̀gbẹ́ títì ni Àmúdà ń wò. Bó ti bọ́ sílẹ̀, kò tíì wọlé tó fi tú àgádágodo, ó jù ú sí ṣáláńgá. Láti ọjọ́ náà, tẹrú-tọmọ ń pọnmi. Ẹnikẹ́ni ò ṣàdúrà mọ́.

Ọdún yípo. Ògúnfẹ́mi, àbúrò ìyàwó rẹ̀, ń bọ̀ láti Iléṣà, ó pè é láti gáréèjì.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n sọ fún oníkẹ̀kẹ́?"

"Kànga Aláàjì Àmúdà."

"Mo ti sọ ọ́ fún mẹ́ta. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Oòrùn ń pa mí o!"

Àmúdà wò yí ká. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Sọ pé Àgádágodo."

Kẹ̀kẹ́ gbé e dé ẹnu ọ̀nà gan-an. Ògúnfẹ́mi wo kànga, ó wo orúkọ gàdàgbà tó wà lára rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, àgádágodo náà dà?"

Àmúdà mú garawa, ó lọ pọnmi fún àlejò.