Abọ́ Jagunjagun Inú Ìràwọ̀

Abọ́ tánganran búlúù kan ni mo fi ń rántí bàbá sójà tó ti fẹ̀yìntì, tí a jọ gbélé ní Ìbàfò. Bàbá yìí máa ń sọ ìtàn àwọn jagunjagun ọjọ́ iwájú tó ń gbé láàárín ìràwọ̀. Kí wọ́n tó lọ sógun, ẹ̀sìn wọn ní kí wọ́n gbé ìbọn sílẹ̀, kí wọ́n tọrọ oúnjẹ láti ilé dé ilé. Ẹni tó bá fún wọn jẹ, wọn ò gbọdọ̀ bá a jà nínú ogun náà.

Bàbá ní oúnjẹ tiwọn o. Síbẹ̀, gbogbo àárọ̀ Jímọ̀ ni wọ́n ń gbé abọ́ búlúù náà dání, tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn wa: "Ẹ bun jagunjagun ní òkèlé kan, nítorí Ọlọ́run."

Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé ìtàn ni, àbí ẹ̀sìn yín?"

"Ìwọ ṣáà bù ú wá."

Ní Jímọ̀ tó ṣíwájú ọjọ́ tí Bàbá kó lọ sí Ifọ̀, wọ́n tọrọ ní gbogbo yàrá, wọ́n fo tèmi. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, ìrẹsì ọ̀fàdà wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n dáhùn jẹ́jẹ́, wọ́n sì kọjá lọ. Mo ro ó títí, mi ò rí ohun tí mo fi ṣẹ̀ wọ́n tí wọ́n á fi fẹ́ bá mi jà.

Ní báyìí, bí ẹsẹ̀ bá ró lẹ́nu ọ̀nà mi láàárọ̀ Jímọ̀, mi ò mọ̀ bóyá kí n bu oúnjẹ ni, àbí kí n ti ilẹ̀kùn.